Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Aráàlú: Ohun Tí Pẹtíṣọ̀n Jẹ́ Gan-an

Ní ìlú Ìbàdàn, bí ẹnìkan bá sọ pé òun ti kọ pẹtíṣọ̀n, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn tó gbọ́ lọ́kàn ni pé ó ti fẹjọ́ ẹnìkan sùn, bóyá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aládùúgbò tó gba ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n kà á sí ohun tó ń dá ọ̀tá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹtíṣọ̀n gbòòrò ju ẹ̀sùn lọ. Ìwé ni, tí aráàlú fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ń sọ ìṣòro kan fún ẹni tí agbára àtitún un ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń béèrè ohun kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀hónú, ó sì lè jẹ́ ẹ̀sùn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ mọ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣìnà. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi gọ́tà, òpópónà àdúgbò, iná ojú títì, ọjà, gáréèjì àti kíkó pàǹtírí sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí gọ́tà bá dí ní Òkè-Adó tàbí ní Mọ́kọ́lá, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù àti alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé tọ́ sí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 ló wà ní Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ mọ́ òfin tàbí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin 32 tó ń jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Agodi ni kí a wá lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó ní tirẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà aṣojú-ṣòfin ẹkùn ẹni tàbí sẹ́nétọ̀ ẹni ní Àbújá ni a ó kọ̀wé sí.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa jìyà àìmọ èyí rí. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni a kọ ránṣẹ́ sí olóṣèlú kan ní Àbújá, ẹni tí gọ́tà kò sí lábẹ́ rẹ̀, a sì retí èsì títí òjò fi tún dé. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní àwọn kò rí ìwé kankan gbà, àwa náà kò sì ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ti ọdún 1980, tàbí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò ní fojú kékeré wo gọ́tà tó dí. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìjọba ìbílẹ̀ ni a gba lọ, a sì mú ẹ̀dà méjì dání. Akọ̀wé tó gba ìwé náà fa ìwé ńlá kan yọ, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa àti nọ́ḿbà sínú rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ tàdáwà, ó lù ú sórí ẹ̀dà kejì, ó kọ déètì síbẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì dá a padà fún wa. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ìwé dé ọwọ́ wọn. Òun ni a mú padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wá wo gọ́tà náà.

Bí a ti kọ ìwé náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. “Ìjọba kò ṣe ohunkóhun fún wa” jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tó ń jìyà, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí káńsẹ́lọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. “Gọ́tà tó wà láàrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, tó gùn tó 80 mítà, ti dí láti oṣù Kẹta, omi sì ti wọ ilé mẹ́fà, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá wa kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kí òjò tó tún le” sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Kò sì yẹ kí a dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí àwa ni a rán olóṣèlú níṣẹ́, àwọn àgbà sì ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Èyí tó bá lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọ̀nà tó ń gbà. Aṣòfin ẹkùn ẹni ni ó máa ń gbé e wá síwájú ilé, tí Abẹnugan yóò sì fà á lé ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́. Abala 128 àti 129 nínú Ìwé Òfin fún ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣèwádìí, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe ènìyàn láti wá jẹ́rìí tàbí kó ìwé wá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà ní kóòtù, wọn kì í sábà fọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ohun tó bá ń fẹ́ owó dé Agodi kí gómìnà tó gbé ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ wá síwájú ilé, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín owó tán, aṣòfin tó fẹ́ràn wa pàápàá kò ní rí púpọ̀ ṣe.

Bí wọ́n bá wá ní àwọn ti gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá, irú ìwé mìíràn wà tí aráàlú lè kọ. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba: ta ni wọ́n gbé e fún, èló ni wọ́n san. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì, ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà ni kíkà sì ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe déètì tó wà lórí òǹtẹ̀ ẹ̀dà tiwa.