Wyoming: ìbò mẹ́ta àti ìṣirò tó ń tan ni jẹ

Tí ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde: pé ìbò ẹnì kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Wyoming tó ìbò ènìyàn mẹ́rin ní California. Ẹni tó bá sọ ọ́ á mi orí, á ní ẹ ò rí i bí àwọn darandaran díẹ̀ ṣe ń yan olórí lé gbogbo ayé lórí. Ìṣirò yẹn tọ́, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé e já sí ló ń bíni nínú.

Ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 576,851 sí Wyoming. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, òkè àti pápá ló kún un, màlúù tó wà níbẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ. Ìbò aráàlú kọ́ ló ń yan ààrẹ tààrà; ìbò aṣojú 538 tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀ ni, ẹni tó bá kó 270 nínú rẹ̀ ló wọlé. Mẹ́ta ni ti Wyoming. California ní ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 39 ààbọ̀, ìbò aṣojú tirẹ̀ jẹ́ 54. Tí a bá pín in, nǹkan bí ènìyàn 192,000 ló wà lẹ́yìn ìbò aṣojú kan ní Wyoming. Ní California, nǹkan bí 732,000. Ibẹ̀ ni àwọn aláriwo ti mú "mẹ́rin" wọn.

Ká sọ pé agboolé ńlá kan pa màlúù. Ilé 50 ló wà nínú agboolé náà, pẹ̀lú yàrá kékeré kan tí wọ́n kọ́ kún un lẹ́yìn, ìyẹn Washington, D.C. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ègé méjì, ì báà jẹ́ ilé opó tó ń dá gbé, ì báà jẹ́ ilé tí ọmọ pọ̀ sí bí eéṣú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi iye orí pín ìyókù, ṣùgbọ́n kí ó má sí ilé tí kò ní rí ó kéré tán ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ègé méjì àkọ́kọ́ yẹn dúró fún sẹ́nétọ̀ méjì tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ìyókù dúró fún àwọn ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin. Wyoming ni opó yẹn: ó mú méjì, ó mú ẹyọ kan lé e, ó di mẹ́ta.

Ibí yìí ni àlàyé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí sí. Ẹran ti pín, opó ti rí ju olọ́mọ yọyọ lọ, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹran yìí kì í ṣe fún jíjẹ. Ọkùnrin méjì ló ń du oyè, ẹran náà ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa jẹ ẹ́: ilé kọ̀ọ̀kan á kó ẹran rẹ̀ lọ sínú àwo ọ̀kan nínú wọn. Nínú ilé 48, àti yàrá ẹ̀yìn yẹn, òfin ni pé ìhà tó bá pọ̀ jù nínú ilé ló máa kó gbogbo ẹran, kódà kó jẹ́ ẹnì kan péré ni wọ́n fi ju ìhà kejì lọ. Ìhà kejì á máa wòran. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín tiwọn: ègé méjì fún ẹni tó borí ní gbogbo ilé, ìyókù ní yàrá-yàrá, ìyẹn ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan.

Ta ló wá fẹ́ yà kí opó kú ọdún, nígbà tí gbogbo agboolé ti mọ àwo tó ń da ẹran rẹ̀ sí láti ọdún 1968? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du oyè mọ̀ pé tòun ni. Èkejì mọ̀ pé kò lè jẹ́ tòun láé. Àwọn méjèèjì á kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìwẹ̀yìn, wọ́n á forí lé ilé Pennsylvania àti ilé Wisconsin, níbi tí ọkọ àti ìyàwó ti ń bára wọn fà á lórí ibi tí ẹran máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé ọmọ ọlọ́mọ jó, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣèlérí páànù tuntun. Ẹran opó pọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ fún un ni kò sí.

Kì í ṣe pé wọ́n bí Wyoming mọ́ ẹgbẹ́ Republican. Franklin Roosevelt borí níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Truman borí ní 1948, Lyndon Johnson sì borí ní 1964, ẹ̀yìn tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ Democrat kò tún fojú kan an mọ́. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ojú irin ọkọ̀ rélùwéè Union Pacific gba ìlú bíi Laramie àti Rock Springs kọjá. Àwọn awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára, ẹgbẹ́ Democrat ni wọ́n sì ń dìbò fún. Káńtì Sweetwater tí Rock Springs wà nínú rẹ̀ jẹ́ odi agbára wọn nígbà yẹn. Lónìí, Trump ń gba ju ìdá méje nínú mẹ́wàá ìbò lọ níbẹ̀. Èédú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí Wyoming ló ń wa èédú jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, òfin àyíká tó bá ti Washington wá sì máa ń dé ẹnu iṣẹ́ awakùsà kó tó dé ibòmíràn. Ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ló ni nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó ń da màlúù níbẹ̀ lè máa bá òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ koríko láti ọdún dé ọdún.

Ní ọdún 2020, Trump gba ìbò 193,559 ní Wyoming, Biden gba 73,491. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 120,068. Ní ìdìbò kan náà, Biden fi ìbò 10,457 borí ní Arizona, ó fi 11,779 borí ní Georgia, ó fi 20,682 borí ní Wisconsin. Ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ 42,918. Ìbò tí Trump fi ju Biden lọ ní Wyoming nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kí ló fi rà? Ìbò aṣojú mẹ́ta. Ká ní ìbò ẹyọ kan ló fi borí, mẹ́ta náà ni ì bá gbà. Ìyókù dà bí ẹni tó ń pọnmi sínú ìkòkò tó ti kún. Arizona, Georgia àti Wisconsin, tí omi wọn kò ju ìsàlẹ̀ agbè lọ, gbé ìbò aṣojú 37 fún Biden. Ọdún 2024 náà kò yàtọ̀ ní Wyoming: Trump 192,633, Harris 69,527, ìbò aṣojú mẹ́ta.

Ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ìlú Jackson wà lẹ́sẹ̀ òkè Teton. Àwọn olówó tó fẹ́ràn yìnyín ló kọ́lé síbẹ̀, owó ilé ibẹ̀ sì ti ga débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ń gba orí òkè wá láti Idaho lójoojúmọ́. Nínú káńtì 23 tó wà ní Wyoming, Teton nìkan ni Hillary Clinton ti borí ní 2016. Biden gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ibẹ̀ ní 2020, Harris náà sì borí níbẹ̀ ní 2024. Wọ́n ń ka ìbò wọn, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù December, tí àwọn aṣojú olùdìbò mẹ́ta, àwọn tó ń di ìbò aṣojú ìpínlẹ̀ náà, jókòó ní Cheyenne, olú ìlú, láti fọwọ́ sí ìwé ìbò tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí Washington, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: 3. Kí ẹnikẹ́ni lọ sọ fún olùdìbò kan ní Jackson pé ìbò rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́rin.

Ká má parọ́ mọ́ ègé méjì yẹn o. Ó ti gbé ènìyàn wọlé rí. Ní ọdún 2000, George W. Bush ti Republican gba ìpínlẹ̀ 30, Al Gore ti Democrat gba 20 pẹ̀lú D.C. Ìbò aṣojú tí Bush ní jẹ́ 271, ti Gore jẹ́ 267, kí aṣojú kan láti D.C. tó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Yọ ègé méjì-méjì kúrò lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, àti lọ́wọ́ D.C.: Bush á ku 211, Gore á ku 225. Gore ì bá jẹ ààrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ègé méjì, ọdún 2000 ni kó mú dání. Ṣùgbọ́n ọdún 2016 ni wọ́n máa ń mú, ó sì ṣì wọ́n lọ́wọ́. Nínú ìpínlẹ̀ tí kálukú borí lọ́dún yẹn, Trump ní 306, Clinton ní 232. Yọ ègé méjì náà, Trump ku 246, Clinton ku 190. Kò yí padà. Clinton fi nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ìbò ju Trump lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ohun tó bá tirẹ̀ jẹ́ ni òfin kó-gbogbo-ẹran, nítorí ìbò tí kò tó 80,000 ni wọ́n fi gba Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Àwọn ilé tó ń gba ègé mẹ́ta kò sì sí lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo: Wyoming, Alaska àti Dakota méjèèjì ń lọ sọ́dọ̀ Republican, Vermont, Delaware àti D.C. ń lọ sọ́dọ̀ Democrat. Méjìlá sí mẹ́sàn-án. Ègé mẹ́ta péré ni àlàfo.

Ọdún 2000 yẹn náà ni Wyoming ṣe Bush lóore mìíràn tí kò kan ẹran rárá. Òfin ilẹ̀ wọn sọ pé aṣojú olùdìbò kò gbọ́dọ̀ dìbò fún ààrẹ àti igbákejì tí àwọn méjèèjì jẹ́ ará ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Bush jẹ́ ará Texas, Dick Cheney tó fẹ́ fi ṣe igbákejì náà sì ń gbé ní Texas, tó ní ìbò aṣojú 32. Ní July 2000, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n kéde orúkọ rẹ̀, Cheney gba Wyoming lọ, ó forúkọ sílẹ̀ láti máa dìbò níbẹ̀. Àwọn kan pẹjọ́, ẹjọ́ náà kò dúró. Àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ opó lọ́dún náà, ó sì níye lórí ju ẹran rẹ̀ lọ.

Nàìjíríà mú ètò ààrẹ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1979, ṣùgbọ́n ó fi ẹran pípín yìí sílẹ̀. Tiwa ni pé kí èèyàn ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bọ́ sí 12 àti èérún, èérún yẹn ló sì gbé Awólọ́wọ̀ àti Shagari dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ìṣirò kì í ṣàì ní èérún níbikíbi.

Ibì kan wà nínú ètò Amẹ́ríkà tí agbára Wyoming kì í ti í ṣe ẹ̀tàn. Ká ní Arizona, Georgia àti Wisconsin yí padà ní 2020, Biden ì bá ní 269, Trump náà 269. Wọ́n ta ọ̀mì. Tí kò bá sẹ́ni tó dé 270, Ilé Aṣojú-ṣòfin ni yóò yan ààrẹ, àmọ́ kì í ṣe pé kí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan dìbò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan ṣoṣo, ẹni tó bá kó 26 ló wọlé, D.C. kò ní nǹkan kan. Àwọn aṣojú-ṣòfin California, tí wọ́n jẹ́ 53 nígbà náà, ì bá para pọ̀, kí wọ́n ṣe àpérò, kí wọ́n mú ìbò kan jáde. Wyoming ní aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo. Ìbò kan náà ni yóò dì. Ìpínlẹ̀ tí aṣojú rẹ̀ bá pín sí méjì ọgbọọgba, ìbò rẹ̀ ṣòfò; ẹni tó dá wà kò lè bá ara rẹ̀ ta ọ̀mì. Iye ènìyàn California fi nǹkan bí ìlọ́po 68 ju ti Wyoming lọ. Níbí yìí, "mẹ́rin" àwọn aláriwo kéré jọjọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá láti yan ààrẹ, 1801 àti 1825, kí Wyoming tó di ìpínlẹ̀ rárá ní 1890. Ní 1801, Jefferson àti Burr ta ọ̀mì, Ilé dìbò nígbà 35 láìrí ojútùú. Delaware ló wà nípò tí Wyoming wà báyìí: aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo ló ní, James Bayard, Burr ló sì ń dìbò fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹrìndínlógójì, ó fi ìwé òfìfo sílẹ̀, ọ̀nà là fún Jefferson.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Wyoming wà, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń yan aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo tó ní. Kì í ṣe ní November. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican ní August ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Liz Cheney, ọmọ Dick Cheney, ló wà lórí àga náà ní January 2021. Òun ni ì bá di ìbò Wyoming bí wọ́n bá ta ọ̀mì lóòótọ́. Lẹ́yìn tó dìbò pé kí wọ́n fẹ̀sùn ìyọnípò kan Trump, Harriet Hageman fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ní ìdìbò abẹ́lé August 2022. Kí ìdìbò náà tó wáyé, àwọn Democrat kan ti yí ẹgbẹ́ wọn padà sí Republican kí wọ́n lè dìbò fún Cheney, kò sì tó o gbé. Lọ́dún 2023, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti ilẹ̀kùn yẹn pa: láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn olùdíje bá ti ń forúkọ sílẹ̀ ní May, olùdìbò kò lè yí ẹgbẹ́ padà mọ́ títí ìdìbò abẹ́lé á fi kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ yí, á yí i kí ó tó mọ ẹni tó máa jáde.