Bóòtù tọ́ṣọ̀n kì í mú irin le

Tí Toyota Hiace tó ń ná Ìlọrin sí Ọ̀fà bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iwájú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Gbogbo bọ́ǹpù tó bá gùn, ẹ ó gbọ́ "gbà!" lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ á ní kí mẹkáníìkì bá òun mú tọ́ṣọ̀n le. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Tọ́ṣọ̀n bàà irú Hiace yìí jẹ́ irin gbọọrọ tó nà lábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú sẹ́yìn. Orí kan wọ ara áàmù táyà, ìkejì wọ inú irin kékeré tí bóòtù tì mọ́ ṣáásì. Eyín wẹ́wẹ́ ló yí orí méjèèjì ká. Bí táyà bá gòkè, irin náà á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Bó ṣe ń fẹ́ tú ara rẹ̀ ló ń ti táyà padà sílẹ̀. Kíki rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe le tó. Irin mílímítà 22 fi nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 le ju ti mílímítà 20 tí wọ́n jọ gùn bákan náà. Bóòtù kò lè fi kíki kún irin. Gíga ọkọ̀ nìkan ló ń yí padà.

Bí wọ́n bá wá fún bóòtù ọ̀hún ní àfúnjù, ọkọ̀ á ga lóòótọ́, àmọ́ táyà ò ní ráyè sọ̀ kalẹ̀ bó bá bá kòtò pàdé. Ọkọ̀ á kàn máa ta èrò sókè ni.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti ń wọn gíga, láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, lọ́tùn-ún àti lósì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ o. Irọ́ ni ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ máa pa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí bóòtù, wọ́n á wa ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn kí rọ́bà áàmù lè jókòó, kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Àláímẹ́ǹtì ló kàn, torí gíga tó yí padà ti gbé táyà kúrò ní ìdúró rẹ̀.

Bí bóòtù bá ti dé òpin, àfi kí wọ́n yọ irin náà, kí wọ́n sún un ní eyín kan. Jáàkì á gbé ọkọ̀, wọ́n á sì tú bóòtù títí irin á fi dẹ̀ pátápátá. Èyí tí kò tíì dẹ̀ lè fò, kó sì ṣeni léṣe. Wọn kì í gbé tọ̀tún sósì, torí ọ̀nà tí kálukú á máa lọ́ sí ni wọ́n ti lọ́ ọ sí láti ilé iṣẹ́.

Ẹ̀yìn Volkswagen Ìjàpá ayé àtijọ́ kò tilẹ̀ ní bóòtù kankan, eyín nìkan ni. Ogójì ló wà lápá inú, 44 lápá òde. Eyín kan nínú jẹ́ dìgírì 9, tòde jẹ́ nǹkan bí 8.2. Bí wọ́n bá yí tinú síwájú ní ẹyọ kan, tí wọ́n dá tòde padà ní ẹyọ kan, ohun tó kù kò pé dìgírì 1. Ẹni tí kò bá fi ẹfun sàmì sí i kó tó yọ ọ́ máa fi gbogbo ọjọ́ wá ibi tó wà tẹ́lẹ̀.