Kí ni qvevri? Ìkòkò wáìnì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní Jọ́jíà

Qvevri ni ìkòkò amọ̀ ńlá tí àwọn ìdílé ní Jọ́jíà fi ń ṣe wáìnì láti ìran dé ìran. (Jọ́jíà tó wà lẹ́bàá Òkun Dúdú ni o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà.) Ó rí bí ẹyin, ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó, nítorí náà kò lè dá dúró. Wọ́n máa ń rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní marani. Bí wọ́n bá ti rì í, ó rì náà nìyẹn. Ọmọ-ọmọ yóò bá a níbẹ̀. Àwọn kan gba lítà 100, àwọn mìíràn gbà ju 2,000 lọ, àgbàlagbà sì lè wọ inú wọn.

Tí ìkòkò bá ti iná jáde tó ṣì ń gbóná, wọ́n á fi ìda oyin tó ti yọ́ pa inú rẹ̀. Ìda yìí ló ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀.

Ìgbà ìkórè àjàrà, ní Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ni iṣẹ́ máa ń pọ̀. Ní agbègbè Kakheti, omi àjàrà nìkan kọ́ ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò: èèpo, kóró, títí kan igi ẹ̀ka rẹ̀ tó bá ti gbó, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Wọn kì í kún un dé ẹnu, torí yóò hó, yóò sì ru sókè. Ìwúkàrà tó wà lára èso tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bó ti ń hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti èèpo léfòó, á sì dì pọ̀ lókè bí ìdérí. Ẹ gbọ́dọ̀ fi igi gígùn rì í padà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbẹ ti pe kòkòrò ọtí kíkan wá nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni wáìnì sì ti ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí híhó bá dáwọ́ dúró, èèpo á rì fúnra rẹ̀. Wọ́n á wá fi wáìnì mìíràn kún ìkòkò náà kí afẹ́fẹ́ má ráyè, wọ́n á fi òkúta dé e, wọ́n á sì fi amọ̀ tútù lẹ etí rẹ̀ pa. Ó di ìgbà ìrúwé, bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, kí wọ́n tó ṣí i. Àjàrà funfun kì í fún wọn ní wáìnì funfun; tiwọn máa ń pọ́n bí oyin, ó sì ń fún ẹnu pọ̀ díẹ̀.

Ìdí ṣóńṣó yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kóró ló ń kọ́kọ́ rì síbẹ̀, èèpo á sì bò ó mọ́lẹ̀, kí ìkorò inú kóró má baà wọ wáìnì jù. Ilẹ̀ tó yí ìkòkò ká ló ń mú un tutù.

Lójú tèmi, fífọ̀ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi èèpo igi ṣẹ́rì ṣe, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn, ni wọ́n fi ń gbo inú rẹ̀, omi lórí omi, títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Ìdọ̀tí tó bá kù lónìí ni yóò ba wáìnì ọdún tó ń bọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ìkòkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọra sọ àbẹ́là títàn kalẹ̀ sínú rẹ̀. Tí àbẹ́là náà bá kú, afẹ́fẹ́ tí híhó tú jáde ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń pani. Àmọ́ bí àbẹ́là bá tiẹ̀ ń jó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró lókè.