Kí Ẹ Tó Ra Pọ́dà fún Òkú

Bí ẹgbẹ́ eléré bá ti fẹ́ ṣe Hamlet, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá. Eré Shakespeare ni, níbi tí òkú ọba ti wá ní kí Hamlet ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san lára Claudius, àbúrò ọba tó pa á, tó sì fẹ́ Gertrude aya rẹ̀. Irú pọ́dà wo ni kí a fi kun òkú ọba? Níbo la ti lè yá ẹ̀rọ tó ń tú èéfín? Ṣé a lè jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa dún gbìn-ìn nínú maíkì? Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni òkú náà jẹ́ sí ẹni tó wá bá.

Nínú eré ẹ̀san, ọ̀rọ̀ ẹbí ló sábà máa ń gbé òkú dìde. Ẹ wo eré mẹ́ta tí Aeschylus gbé jáde ní Áténì lọ́dún 458 ṣáájú ìbí Kristi. Clytemnestra pa ọkọ rẹ̀, Agamemnon. Orestes ọmọ wọn sì pa ìyá rẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Ṣáájú ìyẹn, òun àti Electra ti dúró ti sàréè baba, wọ́n pè é títí, baba ò yọjú. Ìyá ló yọjú nínú eré kẹta, tó ń fi ojú ọgbẹ́ han àwọn Erinyes, òrìṣà obìnrin tó ń lépa ẹni tó bá pa ẹbí rẹ̀, tí wọ́n ti sùn lọ, tó ń bú wọn pé wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ló dé tí wọn ò lépa Clytemnestra nígbà tó pa ọkọ? Wọ́n ní ọkọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ aya. Agboolé tó bá mọ ìyàtọ̀ ọmọ ìyá sí ọbàkan kò nílò àlàyé.

Àmọ́ Andrea, òkú inú The Spanish Tragedy, eré ẹ̀san tí Thomas Kyd kọ, kò bá Hieronimo tan, baba tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa. Andrea àti Ẹ̀san, tí òṣèré kan ń ṣe bí ènìyàn, jọ jókòó ń wòran ni, Ẹ̀san tiẹ̀ sùn lọ. Nígbà tí eré parí, ọ̀rẹ́ Andrea ti kú, olólùfẹ́ rẹ̀ ti kú, ó ní ìran náà dùn mọ́ òun. Baba Hamlet kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé: bó ṣe ń ní kí ọmọ gbẹ̀san ló ń kìlọ̀ pé kó má fọwọ́ kan ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe òkú ọba yìí ní àkúdàáyà. Àkúdàáyà a máa lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, a fẹ́yàwó, a ṣòwò. Eléyìí, àkùkọ kọ, ó parẹ́. Ẹ má sì dá ẹ̀kú egúngún fún un. A kì í rí ojú egúngún, Horatio, ọ̀rẹ́ Hamlet, sì sọ ọ́ kedere pé ojú ọba náà ṣí sílẹ̀ nínú àkẹtẹ̀ ogun rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí òṣèré ṣètùtù kó tó ṣe òkú, ẹ fún un níwèé eré kó jókòó kà á.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran wa yóò rò pé opó ni Claudius ṣú. Èèwọ̀ ni lójú ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, àmọ́ òǹwòran tiyín lè má bínú sí i. Ohun tí yóò dùn wọ́n ni ìkánjú: oṣù méjì ò pé tí ọkọ kú. Ẹ jẹ́ kí èyí hàn lára aṣọ Gertrude.

Ibi tí àwọn olùdarí ti ń ba eré jẹ́ jù ni ìran inú yàrá Gertrude, níbi tí òkú náà ti tún yọ sí Hamlet. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti rí òkú náà tẹ́lẹ̀, Horatio náà rí i, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ nìkan ló rojọ́ fún. Ibí nìkan ni baba, ìyá àti ọmọ ti jọ wà lójú kan, ìyá kò sì rí nǹkan kan. Ìwé eré Hamlet tí wọ́n tẹ̀ ní 1603 ní aṣọ ilé tí wọ́n ń wọ̀ lálẹ́ ni òkú náà wọ̀ wọlé, kì í ṣe ìhámọ́ra. Ọkọ ló padà wá sí yàrá aya rẹ̀, aya ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ gbé òkú sí ibi tí Hamlet yóò ti kọ̀yìn sí ìyá rẹ̀ bó bá ń wò ó. Ojú ọmọ ni kí Gertrude máa wá, kó má ṣe wo ibẹ̀ àyàfi bí ọmọ bá nawọ́ síbẹ̀. Kí iná má yí padà. Èéfín ńkọ́? Bí Gertrude bá wúkọ́ nínú èéfín, tó wá ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran yóò fi ba eré yín jẹ́ lọ́jọ́ náà.