Owó Ẹnu Ọ̀nà Kọ́ Ló Ń Lé Àwọn Ẹbí Kúrò Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ìbéèrè méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ń bá ọgbà ìgbafẹ́ ọmọdé ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Àwọn òbí ń béèrè ìdí tí owó ìgbafẹ́ fi wọ́n tó báyìí. Àwọn tó ni ọgbà ń béèrè bóyá owó tí àwọn fi kún un ló lé èèyàn lọ. Ìdáhùn kan náà la ní fún ìhà méjèèjì: owó ń lé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Èyí tí kò sí lára pátákó ni, tí òbí kò mọ̀ títí yóò fi wọlé tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta gbéra láti Ọba-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦1,000 láti wọlé, ìyẹn ₦5,000. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gun ohun ìṣiré mẹ́rin ní ₦1,000-₦1,000, ìyẹn ₦12,000. Oúnjẹ àti nǹkan mímu jẹ́ ₦2,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦12,500. Táàsì àlọ àtàbọ̀ gba ₦6,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦35,500. Owó ìwọlé tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí kò tó ìdá kan nínú méje rẹ̀. Iye tí ẹ máa bá níbi tí ẹ ń lọ lè yàtọ̀ sí èyí, àmọ́ bí wọ́n ṣe pín síra wọn kì í sábà yàtọ̀ púpọ̀.

Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦73,000, owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò ná bí ìdajì owó oṣù rẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ò wá mọ́. Wọ́n á kàn máa sún un síwájú: ó di Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní 27 oṣù Karùn-ún, ó di Iléyá, ó di Kérésì. Ọgbà tó ń kún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, tó sì ń ṣófo lọ́jọ́ yòókù, kò lè rówó oṣù san.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ṣí ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1955, dọ́là kan ni àgbàlagbà fi ń wọlé, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà fún ohun ìṣiré. Ọdún 1982 ni wọ́n pa tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn rẹ́, tí owó kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn dé ìdí ohun gbogbo. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní FastPass, tí èèyàn fi ń yẹra fún ìlà gígùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2021, wọ́n fi ètò olówó rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní Disneyland, lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ jù, ti kọjá $200, owó fífo ìlà kò sì sí nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, Bob Iger, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Disney tó ni ọgbà náà nígbà yẹn, gbà ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ àwọn ti le jù lórí àwọn iye owó kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti dẹ́kun gbígba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ àwọn tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Florida. Ẹ wo ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀: owó kékeré tó ń bí èèyàn nínú ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, wọn ò fọwọ́ kan owó ìwọlé.

Kí òbí má sì rò pé ojúkòkòrò ni gbogbo àfikún tí wọ́n ń rí níbí. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 ti ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Epo sì ni ọ̀pọ̀ ọgbà fi ń mí. Ẹ wo bouncing castle, ilé atẹ́gùn tí ọmọdé ń fò lórí rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí a ń pè ní blower, kò gbọ́dọ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà lórí rẹ̀, torí pé atẹ́gùn ń jò gba gbogbo ojú rírán rẹ̀ láìdáwọ́dúró, bí wọ́n sì ṣe ṣe é nìyẹn. Fún blower 1.5 horsepower, jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA yóò mu bí lítà kan ní wákàtí kan. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, wákàtí mẹ́fà di ₦6,000. Ẹ fi ₦4,000 òṣìṣẹ́ tó dúró tì í lóòjọ́ kún un, kí ẹ tún yọ ₦3,000 sọ́tọ̀ fún títún ibi tó bá ya rán àti ríra òmíràn nígbà tí oòrùn bá jẹ aṣọ rẹ̀ tán. Ó di ₦13,000. Bí ọmọ kan bá ń san ₦1,000 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ mẹ́tàlá àkọ́kọ́ kò fi kọ́bọ̀ kan sápò ẹni tó ni ín. Ìkẹrìnlá ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ méjì ló wà lórí rẹ̀, tàbí mẹ́jọ, iye epo kan náà ló ń jó. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn oníṣòwò wa wà. Ọmọ 30 ń san ₦500 lójúmọ́, ₦15,000 ń wọlé. Epo gbówó lórí, wọ́n sọ ọ́ di ₦1,000, wọ́n sì ń retí ₦30,000. Bí ó bá ku ọmọ 13, ₦13,000 ni wọ́n máa rí, epo ò sì dín ní lítà kan. Ẹni tó bá sọ owó di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ ṣì ní, ó kéré tán, ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ kó tó lè rí iye tó ń rí tẹ́lẹ̀. Ní ìlú tí owó oṣù kò yí padà, ìdajì yẹn kì í sábà dúró.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ohunkóhun kún owó, ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye ọmọ tó wọlé àti iye tíkẹ́ẹ̀tì ohun ìṣiré tí ẹ tà, kí ẹ wá pín iye tíkẹ́ẹ̀tì sórí iye ọmọ. Ọmọ 60 wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì 180 tà: mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Bí iye ọmọ kò bá dín ṣùgbọ́n tí mẹ́ta yẹn di ọ̀kan, owó ohun ìṣiré yín ló ti wọ́n jù. Bí ó bá jẹ́ pé iye ọmọ ló dín, tí àwọn tó wọlé sì ṣì ń ṣe mẹ́ta, ẹ lọ wo owó ìwọlé tàbí owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Oògùn tó wo ọ̀kan kò ní wo èkejì. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, kí ẹ má ka ọ̀sẹ̀ ọdún mọ́ ọn, torí pé èrò ọjọ́ ọdún yóò ṣi yín lọ́nà.

Lójú tiwa, ohun tó ń dá ẹbí padà jù ni owó kan ṣoṣo tí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ká ní ₦4,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun ìṣiré, wákàtí mẹ́ta, kí àgbàlagbà méjì tó bá wọn wá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹbí tí a ṣírò tiwọn lókè yóò san ₦12,000 dípò ₦17,000 owó ìwọlé àti ohun ìṣiré. Ó lè jọ pé ẹ pàdánù ₦5,000, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é lọ́jọ́ tí ọgbà máa ń ṣófo, ohun ìṣiré tí ì bá máa jó epo lórí òfo ló ń gbé ọmọ yẹn. Ìyá tí kò ná gbogbo owó rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ló ń ra gúgúrú àti ẹran súyà. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ ọdún. Ìlà á gùn kọjá ààlà, àwọn òbí á sì bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ètò yìí náà ní ibi tó ti ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ máa ń bọ́ okùn ọwọ́ tó ń fi hàn pé wọ́n ti sanwó fún ara wọn, nítorí náà ẹ lo oníbébà tó ń ya bí wọ́n bá bọ́ ọ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì máa yàtọ̀ láti wákàtí kan sí òmíràn kí òṣìṣẹ́ lè mọ ẹni tí àkókò rẹ̀ ti pé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun ohun ìṣiré kan ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ kan yóò jókòó sínú bumper car títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ sì yọ àwọn owó tó ń fa ìjà kúrò. Gbígba owó lọ́wọ́ ìyá tó fi fóònù ya ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò kò bójú mu rárá. Gbígba ìgò omi lọ́wọ́ ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè ra tiyín náà kò bójú mu, pàápàá nínú oòrùn oṣù Kejì. Bí ẹ kò bá fẹ́ oúnjẹ ìta, ẹ kọ ọ́ sára pátákó àti sórí WhatsApp yín kí wọ́n tó gbéra nílé.

Ibi tí ìnáwó ti ṣeé dín láìfara gbá oníbàárà ni iná. Bí ẹ bá wà lórí ìlà Band A, tó yẹ kí iná rẹ̀ tó wákàtí 20 lójúmọ́, yúníìtì kan ń lọ fún bí ₦210. Blower yẹn yóò jẹ bí yúníìtì mẹ́jọ ní wákàtí mẹ́fà, bíi ₦1,680 dípò ₦6,000. Ṣùgbọ́n iná tí kò lágbára ń pa mọ́tò. Bí volt bá ti lọ sísàlẹ̀ 190, mọ́tò á máa fa iná ju agbára rẹ̀ lọ, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Ẹ fi ohun tó ń ja iná fúnra rẹ̀ bí volt bá lọ sílẹ̀ síwájú rẹ̀. Bí iná bá sì lọ, ilé atẹ́gùn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wó lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó jáde, kí ó tó sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é lódìkejì, ẹ kọ́ wọn títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi dín ìnáwó kù: ààbò. Òṣìṣẹ́ tó dúró ti ohun ìṣiré ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ dá dúró, òun sì ni kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ọmọ ńlá tó já lu ọmọ kékeré wà lára ohun tó ń fa ìpalára lórí bouncing castle; ẹni tó dúró síbẹ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òbí náà lè yẹ nǹkan wò kó tó sanwó. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀: kò yẹ kó dín ní mẹ́fà, kí irin rẹ̀ sì gùn tó 38 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n gbá wọlẹ̀ pátápátá. Bí orí kọnkéré ló wà, ìlànà àwọn ará Yúróòpù ń béèrè ẹrù 163 kìló ní ojú ìdè kọ̀ọ̀kan. Àpò iyanrìn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 50 kìló, tí wọ́n dì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ ó lé. Búlọ́ọ̀kù méjì kò tó rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ju 38 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ẹ kó ọmọ kúrò. Ẹ ó mọ̀ bí igi kékeré elẹ́wé bá ti ń mì látòkèdélẹ̀, bó ṣe máa ń rí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ní ìdí jangirọ́fà, ẹ wo ojú ẹ̀wọ̀n níbi tí irin ti ń ha irin lókè. Bí ó bá ti jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ má gbé ọmọ sí i. Iyanrìn odò abẹ́ rẹ̀ yẹ kó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó sì rọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ máa ń tì í kúrò láàárín, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ráàkì kó o padà láràárọ̀.

Ẹbí tí ọgbà olówó kò bá rọrùn fún lóṣù yìí ṣì lè gba Òkè Ìdànrè lọ, kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Àkúrẹ́. Òkè náà ti wà láti ọdún 2007 lórí àkójọ àwọn ibi tó ń dúró de kí UNESCO, àjọ àṣà àti ẹ̀kọ́ àgbáyé, kà wọ́n mọ́ ogún àgbáyé, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ju 600 lọ. Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, torí pé òkúta náà máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án. Bàtà onírọ́bà ni kí gbogbo yín wọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ má dì ju ohun tí ẹ lè gbé lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ òjò, tó ń bọ̀ láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò bá dé kí ẹbí tó lo wákàtí kan nínú mẹ́ta tí wọ́n sanwó fún, ẹ lu òǹtẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sí i, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọlé lọ́jọ́ mìíràn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún. Ẹ kọ òfin yìí gàdàgbà sára pátákó, lábẹ́ iye owó gan-an.