Irin Ọnà Gígbẹ́: Èyí Tí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Yóò Kọ́kọ́ Rà

Kí ènìyàn tó mọ irin tó yẹ kó rà, ó ní láti mọ bí ìtì igi ṣe ń di ère. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọn á fi àáké agbẹ́gilére ṣá igi náà títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn gẹ́gẹ́ bíi ìdì-ìdì. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ jáde. Tó bá kan dídán, ṣísẹ́lì àti ọ̀bẹ ló ń kó gbogbo ojú àáké kúrò lára igi. Fínfín ni ìkẹyìn: irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀, ọnà ara aṣọ.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ síwájú ni irin ń kéré sí i. Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, fi èyí hàn dáadáa. Àwọn ère ibẹ̀ yọ síta kúrò lára pákó débi pé irin ńlá ti ní láti wa igi jìnnà kí ọ̀bẹ tó débẹ̀ rárá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó kì í sáàbà bẹ̀rẹ̀ lórí ìlẹ̀kùn. Ṣíbí onígi, òòyà tàbí ère kékeré ló máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú, àáké kò sì pọn dandan fún ìyẹn, torí ayùn lè gé ohun tí kò wúlò kúrò. Ohun tó nílò kò pọ̀: ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ kúrú, ṣísẹ́lì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kan, ṣísẹ́lì kan tí ẹnu rẹ̀ jinnú fún ibi tó kótó, òòlù onígi, àti òkúta ìpọ́nbẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀tì ṣísẹ́lì méjìlá olówó pọ́ọ́kú máa ń wọ ojú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni irin wọn rọ̀, wọn kì í sì í mú pẹ́. Irin méjì tó dáa sàn ju méjìlá bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan wà láti dán irin wò kí a tó sanwó. Kí a fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin fa ìtòsí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, irin náà le. Tó bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti rọ̀ jù. Ìdí nìyí tí irin sípíríǹgì ọkọ̀ fi wúlò fún alágbẹ̀dẹ: irin tó ṣeé mú le dáadáa ni. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè fi rọ ọ̀bẹ tó máa bá ènìyàn kalẹ́, ó sì lè rọ àáké agbẹ́gilére nígbà tí ó bá yá, èyí tí ẹnu rẹ̀ dábùú èèkù bíi ti ọkọ́. Kí a má ṣe fi àáké agégi rọ́pò rẹ̀.

Pípọ́n ni kókó gbogbo rẹ̀, òun gan-an sì ni wọ́n máa ń fojú fò. Irin tí kò mú máa ń fẹ́ kí a fi agbára tì í, bó bá sì yọ̀, ọwọ́ ló ń bá. Fún igi rírọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tí a pọ́n wà láàárín ìwọ̀n dígírì 20 sí 25. Igi líle ń fẹ́ 25 sí 30, kí ẹnu irin má baà kán. Tí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ ìpọ́n, kí a máa rì í bọ omi lóòrèkóòrè. Ní kété tí ẹnu náà bá ti yí padà sí àwọ̀ búlúù, iná ti pa líle rẹ̀ níbẹ̀, àfi kí a pọ́n ibẹ̀ dànù. Lẹ́yìn òkúta, kí a fà á sẹ́yìn lórí awọ bẹ́líìtì àtijọ́. Ẹnu tó mú yóò gé igi dábùú tí ojú ibẹ̀ á máa dán; èyí tí kò mú yóò fà á ya.

Igi náà ń dá sí ọ̀rọ̀ irin. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, àjákù pákó rẹ̀ kì í sì í wọ́n ní sọ́mìlì. Igi ọ̀mọ̀ náà dára, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Kí ìrókò ṣì dúró ná: ó máa ń ní òkúta nínú, tó ń ba ẹnu irin jẹ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì máa yọ imú lẹ́nu. Igi tútù rọrùn láti gbẹ́ ju gbígbẹ lọ, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń gbẹ́ ẹ ní tútù. Ó lè là bó bá ń gbẹ, nítorí náà kí a máa fi aṣọ tútù wé e lálaalẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Kí a de igi mọ́ tábìlì, kí ọwọ́ méjèèjì máa wà lẹ́yìn ẹnu irin. Kí a tẹ̀ lé iṣan igi, ìyẹn ìlà tó tò lọ nínú rẹ̀. Tó bá ń fà ya, kí a yí igi padà kí a gbẹ́ ẹ láti òdìkejì. Ṣísẹ́lì kẹta tó tín-ín-rín, fún ilà fínfín, kò tíì yá títí a ó fi gbẹ́ ohun kan dé ìpele dídán.