Sẹ́ẹ̀lì Tó Gbàgbé Àdéhùn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ìgò kan wá sí yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣogbo. Kókó tí wọ́n gé nínú ọyàn ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí n tó kọ orúkọ tán, ó ti bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kòkòrò wo ló wọ màmá mi lára?" Kò sí ìbéèrè tí mo ń gbọ́ tó èyí nídìí iṣẹ́ mi. Kì í ṣe kòkòrò. Ara ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Àmọ́ bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tí mo sì dákẹ́, ẹ̀rù nìkan ni mo dá ba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ palẹ̀.

Iṣẹ́ wa jọ tàwọn aláró Òròkí. Bí ẹran ara bá dé, a ó gé e kó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, a ó sì rẹ ẹ́ láró. Aró kan wá láti ara igi kan tó ń hù ní Àárín Amẹ́ríkà, òun ló ń sọ àárín sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ara wa fi kọ́, di àwọ̀ ẹ̀lú. Èkejì ń pọ́n ìyókù. Láìsí aró, ojú ò lè rí nǹkan pàtó. Bí a bá rẹ ẹ́ tán, tí a fi máíkíróskóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wò ó, ẹ ó rí i bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò, tí kálukú mọ àyè rẹ̀. Èèyàn kan ní nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30 wọn lára, inú ẹyọ kan ṣoṣo, níbi tí àtọ̀ bàbá ti pàdé ẹyin ìyá, ni gbogbo wọn sì ti jáde.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n gbà láti gbé pọ̀. Ó ti lé ní bílíọ̀nù 3 ọdún tí ohun ẹlẹ́mìí ti wà láyé. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn, sẹ́ẹ̀lì kan ń dá gbé ni: ó ń dá jẹ, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì, kálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àná ni ẹranko dé, tí a bá fi wé ìyẹn: nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 sí 800 ọdún sẹ́yìn.

Ọbàkan wa kan ṣì wà nínú òkun àti nínú omi odò tó ń gbé ayé àtijọ́ yẹn. Choanoflagellate làwọn onímọ̀ ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì kan ni. Ó ní ìrù tín-ín-rín tó fi ń lu omi, ohun kan bíi kọ́là ẹ̀wù sì yí ìdí ìrù náà ká, òun ló fi ń mú bakitéríà jẹ. Irú sẹ́ẹ̀lì oníkọ́là yìí gan-an ni Henry James-Clark ará Amẹ́ríkà rí nínú sponge inú òkun ní nǹkan bí ọdún 1866. (Kì í ṣe kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀ o. Ara igi la ti ń rí tiwa. Ẹranko ni sponge.)

Lórí sponge yìí náà ni H. V. Wilson ti ṣe ohun kan ní 1907 tí kò tíì sú mi láti máa sọ. Ó fún sponge gba ojú aṣọ sílíkì kọjá, bí a ṣe ń sẹ́ ògì gẹ́lẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti túká ló kán sínú omi lọ́hùn-ún. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rá wá ara wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì padà di sponge. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn.

Níbo ni sẹ́ẹ̀lì ẹranko ti rí àtè tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ra? Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka jíìnì (àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) choanoflagellate kan ní 2008, wọ́n bá ọ̀kan lára àtè náà níbẹ̀, cadherin lórúkọ rẹ̀, lára ohun tó ń dá gbé! Irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ilé tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ Nicole King ní California sì fi hàn ní 2012 pé ìran choanoflagellate kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti pàdé bakitéríà kan báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í tú ká mọ́ lẹ́yìn tó bá pín. Wọ́n á so pọ̀ bí òdòdó.

Síso pọ̀ nìkan kò tó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ti ojú ní tirẹ̀. Èyí tó le jù nínú àdéhùn tí wọ́n fi ń gbé pọ̀ ni pé kí sẹ́ẹ̀lì kú nígbà tí wọ́n bá ní kó kú. Inú oyún, ọwọ́ wa pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìka ló kú kí ìka tó yà.

Jẹjẹrẹ ni sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì rẹ̀ bàjẹ́ títí tí kò fi ka àdéhùn yẹn sí mọ́. Ó ń pín ṣáá, ó kọ̀, kò kú, ó ń ya wọ ilé onílé. A ní jíìnì kan tó ń ṣọ́ irú wọn, p53. Erin ní nǹkan bí ogún ẹ̀dà rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ kò fi wọ́pọ̀ lára àjànàkú pẹ̀lú títóbi rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí màmá yẹn, kò sì sí ohun tó jẹ tó yẹ kí ojú máa tì í sí. Kì í sì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Máíkíróskóòpù ló lè sọ.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Nígbà kan, wọ́n gbé kókó kan wá fún mi láti ibì kan nínú omi lásán. Ó ti jẹrà, aró ò mú un, n ò rí nǹkan kan kà. Ẹni tó ni ín sì ti ná owó iṣẹ́ abẹ. Kókó yòówù tí wọ́n bá gé lára yín, ẹ má gbà kí wọ́n jù ú nù, ẹ má sì fi omi tàbí nylon gbé e. Formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí orúkọ wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí.

Ti ọmọbìnrin yẹn wà nínú formalin. Mo fi gíláàsì kan tí a tẹ́ ẹran ara lé, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, hàn án, apá kan tò, apá kejì dàrú. Ó wò ó pẹ́. Ó nàka sí apá tó tò, ó ní, "Ìyókù ara màmá mi ṣì rí báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ padà wá gba èsì ní ọjọ́ Jímọ̀."